Ẹni Tó Fi Ọwọ́ Òsì Gbálẹ̀

"Ẹ gbé e wá sí yàrá mi," ni Màmá Kọ̀yà wí. "Ojú mi lè máa ṣe bàìbàì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sí olè tó jí nǹkan nínú ilé tí mò ń gbé tí n kò mọ̀ ọ́n. Kò tíì sí i. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ àkọ́kọ́, kó bọ́ síta ká rí i."

Kò sẹ́ni tó bọ́ síta. Ifeyinwa kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì gbé aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ lé ìyá àgbà náà lọ́wọ́.

Òrùlé yàrá Ifeyinwa ló ń jò, òjò ọdún 1988 sì ti ń kù lókè. Aṣọ ọ̀hún kì í tilẹ̀ ṣe tirẹ̀. Obiageli ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ṣègbéyàwó, ó wá yá a lò. Aṣọ funfun báláú, tó ń wọ́ nílẹ̀ tuurutu. Màmá fi ọ̀rá bò ó, ó gbé e kọ́ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ó ní ọkọ òun yóò máa bá òun ṣọ́ ọ.

"Màmá, you be CID," ni Justice wí láti ẹnu ọ̀nà. Justice ń ṣe lébìrà ní wọ́ọ̀fù, yàrá rẹ̀ ló kọjú sí ti Màmá. "Olè tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀, kó ti kọ ìwé ìhágún rẹ̀ sílẹ̀."

Ẹnu Justice dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Olodi-Apapa ni ilé náà wà, yàrá kọjú sí yàrá, ilé ìdáná kan, kànga kan, ẹ̀yìnkùlé oníyanrìn kan. Kọ̀yà, tó jẹ́ akọ̀wé ní Wharf Road, ló lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti Ìsarà nítorí ojú tó ń dùn ún. Ojú náà ò sàn. Ilé náà ló sàn.

Nígbà kan, ẹnì kan ń jẹ ẹja nínú ìkòkò Justice. Wọ́n ní ológbò ni. Màmá ní, "Ológbò wo ló ń dé ìkòkò padà lẹ́yìn tó bá jẹun tán?" Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti mú ológbò náà: Bàbá Reuben ni, ẹni tó ni ilé. Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá Reuben kì í dá ẹjọ́ kankan nínú ilé ara rẹ̀ àfi tí Màmá bá bá a dá a.

Ohun méjì ni gbogbo ilé ń wá sí yàrá Màmá fún: ẹjọ́ àti áyọ́ọ̀nù. Òun nìkan ló ní áyọ́ọ̀nù eléèédú. Ó ti já lulẹ̀ rí, góńgó imú rẹ̀ sì kán dànù. Síbẹ̀, bí NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ, òun ni gbogbo wọn ń yá.

Èèyàn méjì péré ló ń wọ yàrá náà láìkan ilẹ̀kùn.

Ọ̀kan ni Morádéún, àkọ́bí Kọ̀yà, tó ń tẹ́ ẹní sùn lẹ́sẹ̀ ibùsùn ìyá bàbá rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama. Bíṣọ́ọ̀bù sì ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn láìpẹ́ láti gbọ́wọ́ lé òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí, kí wọ́n lè máa jẹ oúnjẹ Olúwa.

Èkejì ni Diepreye, ọmọ Ìjọ̀, opó tí kò bí ọmọ, tó ń gbé yàrá tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé. Ní kùtùkùtù ló ń lọ sí Marine Beach láti ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀. Á yan án lórí èédú lẹ́yìnkùlé, á sì kiri rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gbà kí opó máa fi èéfín ẹja fín ilé onílé ò pọ̀ ní Olodi. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni oko rẹ̀.

Alaalẹ́ ni Diepreye ń mú ẹja kan wá fún Màmá, á jókòó lórí àpótí, á máa yọ egungun rẹ̀. Egungun ti há Màmá lọ́fun rí, tí gbogbo ilé ń gbá a lẹ́yìn bí ẹni ń gún iyán. Láti ìgbà náà ni Diepreye ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

"Diepreye, ọwọ́ òsì lo tún fi ń gbé oúnjẹ fún àgbà."

"Màmá, na so God mould me o. Ọwọ́ ọ̀tún mi ò mọ nǹkan kan ṣe."

"Gbé e wá jàre. Ẹja ò mọ ọwọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ ọ́ lálaalẹ́, bí ẹni ń ka àdúrà Olúwa. Àfi ọjọ́ Túsìdé kan.

Màmá lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ló dé. Kò wo ìṣó. Ta ní í wo ìṣó? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Ifeyinwa mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá wo aṣọ.

Ọ̀rá náà ṣì wà lórí ìṣó, ó ń fì gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀. Kò sí aṣọ nínú rẹ̀.

"Yéè! Màmá, aṣọ dà? Kí ni màá sọ fún Obiageli? Ẹ̀gbọ́n mi á pa mí o!"

Ilé dàrú. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń wo Màmá. Màmá jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ó ń wo àwòrán ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bi í ní ìbéèrè.

"Màmá CID," ni Justice wí, ohùn rẹ̀ ò yá mọ́, "work don come o."

"Mo rí i," ni Màmá wí. "Ẹ má pariwo mọ́. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ọjọ́ ìmọ́tótó ni, kò sẹ́ni tó máa jáde. Ẹni tó mú un yóò dúró níwájú yín lọ́jọ́ náà."

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ta ló ń wọlé láìkanlẹ̀kùn? Diepreye. Ta ni ẹlòmíràn? Kò sí. Morádéún ò sí nínú àwọn tó ń wọlé. Inú yàrá náà ló ń gbé. Èèyàn kì í ka irun orí ara rẹ̀ mọ́ àlejò.

Lẹ́yìn náà ló jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó tẹ̀ ba bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Sàfíátù, obìnrin tó ń ta ọṣẹ ní yàrá kejì, tẹ̀ lé e.

"Sàfíátù, ta ni ilẹ̀ gbígbá kàn lánàá?"

"Èmi ni. Àmọ́ ibà ń ṣe mí, Màmá. Mi ò gbá a."

"Ẹnì kan gbá a. Wá wò ó."

Ní ilé yẹn, yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tó ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, obìnrin kọ̀ọ̀kan ló sì ní bí ìgbálẹ̀ rẹ̀ ṣe ń kọlà sára yanrìn. Ti Sàfíátù kúrú, ó ki. Ti ìyàwó Bàbá Reuben gùn bí irọ́. Ojú Màmá kì í rí egungun ẹja, ṣùgbọ́n bó bá tẹ̀ ba báyìí, ó mọ ẹni tó gbálẹ̀. Gbogbo ilà wọn ló ń tẹ̀ sí apá kan náà.

Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga lọ́jọ́ náà tẹ̀ sí apá kejì.

"Ọwọ́ òsì," ni Màmá wí.

Sàfíátù wo ilẹ̀, ó wo Màmá. "Ẹ̀yin Màmá. Ẹni tó jalè tún dúró gbálẹ̀ ni?"

"Kó lè pa ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́ ni. Kí tún ni èyí?" Ó ṣa nǹkan dúdú kan nílẹ̀, ó fi ìka pa á. Èédú ni. "Ta ló ń fi èédú ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí?"

"Èédú wà lọ́wọ́ gbogbo…"

"Ọlọ́wọ́ òsì tó ń lo èédú, tó sì ń wọ yàrá mi. Sàfíátù, ṣé kí n bá ọ pe orúkọ rẹ̀ ni?"

Sàfíátù kọjú sí yàrá rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ lo oògùn ibà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Diepreye mú ẹja wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Màmá ní òun ò jẹ ẹja. Diepreye dúró díẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, ṣé kò sí o?" Màmá ní kò sí.

Lẹ́yìn náà ló ní kí Morádéún bu omi fún òun. Morádéún bu omi, ó nà án sí i.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, Màmá." Ọmọ náà gbé ife náà kalẹ̀, ó tì í sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di aṣọ ìnujú mú gírígírí.

"O fẹ́ máa ṣe bíi Diepreye, àbí? Èyí tó sọ ara rẹ̀ di ọlọ́wọ́ òsì, ìyẹn ò gba ẹ̀kọ́ ilé. Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Lọ́jọ́ kejì, Morádéún fi ṣíbí jẹ ẹ̀bà. Màmá wò ó títí ó fi jẹ ẹ́ tán. "Bíṣọ́ọ̀bù ò tíì dé," ni ó sọ fún Kọ̀yà, "ọmọ rẹ ti di òyìnbó. Ṣíbí ló fi ń bu òkèlè." Kọ̀yà rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín. Morádéún lọ fọ àwo, ó pẹ́ kó tó dé.

Ohun tó yẹ kó rí wà níwájú rẹ̀, ó ń jẹun lórí ẹní rẹ̀. Ó wò ó, ó rí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, ó sì bá a wí. Bí ọmọ Yorùbá bá fi ọwọ́ òsì nawọ́ sí àgbà, ìbáwí ni ojú àgbà ń kọ́kọ́ rí.

Sátidé dé. Kò sí ọkọ̀ lójú títì, kò sí ẹni tó lè jáde. Gbogbo ayálégbé kó jọ sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti ìgbálẹ̀. Bàbá Reuben wọ agbádá kékeré lé ṣòkòtò péńpé.

"Kí obìnrin kọ̀ọ̀kan mú ìgbálẹ̀," ni Màmá wí, "kó gbá iwájú ara rẹ̀. Díẹ̀ ni."

"Màmá, ṣé ìmọ́tótó nìyí àbí ìdánwò?" ni ìyàwó Bàbá Reuben bi í.

"Méjèèjì."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Morádéún náà na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀ kan tó fara ti ògiri.

"Ìwọ, fi ìyẹn sílẹ̀," ni Màmá wí. "Lọ gbé àga mi wá. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Morádéún fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí wọ́n gbá a tán, Màmá ń kọjá níwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ ba, ó ń nà ró. Iwájú Diepreye ló dúró sí.

"Bàbá Reuben, ẹ wá wo ilà yìí. Irú rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga lọ́jọ́ tí aṣọ sọnù. Sàfíátù náà rí i. Diepreye, kì í ṣe ìwọ ni ilẹ̀ gbígbá kàn lọ́jọ́ Túsìdé. Kí lo ń gbá?"

Kò tètè yé Diepreye. Ó wo ilẹ̀, ó wo ìgbálẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yé e, ó sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí nǹkan jó.

"Me? Màmá, èmi? Mi ò gbálẹ̀ kankan ní Túsìdé o. Marine Beach ni mo wà. Ọkọ̀ ò tètè dé lọ́jọ́ yẹn."

"Ta lo bá níbẹ̀?"

"Ẹja ni mo bá níbẹ̀! Ẹ lọ bi wọ́n!"

Àwọn kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wo ojú Màmá, wọ́n gbé e mì.

"Èédú tún wà níbẹ̀," ni Màmá wí.

"Ṣé èmi nìkan ló ń lo èédú ni? Màmá, kí ni màá fi gáùnù ṣe? Ta ni mo fẹ́ fẹ́? Ọkọ mi wà nínú omi, àwọn èèyàn mi ò tíì rí òkú rẹ̀ títí dòní. Gáùnù!"

Ifeyinwa bú sẹ́kún. "Aunty Diepreye, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà. Mi ò ní bínú. Ẹ kàn dá a padà."

Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló bà á jẹ́ tán. Diepreye wo Ifeyinwa, ó yà kúrò lọ́nà fún wọn. Wọ́n tú yàrá rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju agbọ̀n, àwọ̀n yíyan ẹja, àti bàtà ọkùnrin kan tí kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́.

"Ó ti gbé e tà," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn.

Bàbá Reuben tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó wo Màmá. Màmá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí oṣù yìí tó parí," ni Bàbá Reuben wí, "mo fẹ́ kí yàrá yẹn ṣófo."

Justice ò pe Màmá ní CID lọ́jọ́ náà. Àwọn yòókù ni wọ́n pè é bẹ́ẹ̀. Morádéún ti gbé àga dé. Ó dúró tì í, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Màmá jókòó lórí àga náà. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti jókòó lé.

Ọjọ́ kejì ni bíṣọ́ọ̀bù dé. Ó gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ lórí, Kọ̀yà ń nu ojú, ìyá Morádéún ń nu imú. Nígbà tó kan oúnjẹ Olúwa, Màmá ní òun fẹ́ kúnlẹ̀ ti ọmọ ọmọ òun lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Wọ́n fà á dé ibi ọ̀pá tí wọ́n ń kúnlẹ̀ sí níwájú pẹpẹ. Èjìká wọn kan ara wọn.

Bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ọmọ náà nìyí: ẹ tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lé òsì, ẹ là á sílẹ̀, kí ẹ fi gba àkàrà náà. Wọ́n kọ́ wọn fún oṣù mẹ́ta. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi aṣọ ìnujú gba ara Olúwa.

Àlùfáà dé iwájú wọn. Morádéún la ọwọ́.

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti jóná. Ó rọ́ láti ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò lọ dé ìdí ọmọ ìka, ó ń tàn yinrinyinrin, omi sì wà ní etí rẹ̀. Ojú Màmá ò dára, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

Ó tẹjú mọ́ ọn. Ife omi tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ṣíbí. Aṣọ ìnujú. Èédú. Ìgbálẹ̀ tí òun ní kó fi sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tò síwájú rẹ̀ jẹ́ẹ́, bí ọmọ ilé ìwé.

"Ara Olúwa wa," ni àlùfáà wí.

"Àmín," ni Màmá wí. Ó gbé e sẹ́nu. Kò mọ adùn rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Là á."

Morádéún là á. Kò tún dúró kí wọ́n bi òun.

"Mo kàn fẹ́ wò ó lára mi ni, Màmá. Ìpàdé lẹ lọ. Àtíkè ọrùn mi ló bá a jẹ́, mo fọ ibẹ̀, mo ní kí n fi áyọ́ọ̀nù gbẹ ẹ́. Lójú kan náà ló lu. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sókè, ó fẹ́ já, mo fọwọ́ gbá a mú. Gbogbo èédú dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga."

"O wá gbá a."

"Mo gbá a."

"Aṣọ dà?"

"Mo sọ ọ́ sí kánààlì ẹ̀yìn ilé."

Màmá jókòó. Ní òdìkejì ògiri, wọ́n ń gbọ́ bí Diepreye ṣe ń di ẹrù. Kò ní ẹrù púpọ̀. Gbólóhùn kan péré ni yóò gbà. Kó ṣí ilẹ̀kùn, kó ní, "Ẹ fi ẹrù sílẹ̀, èmi ni mo ṣì í."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù ò tíì gbẹ lórí ọmọ náà. Kọ̀yà ti wá àyè iṣẹ́ fún un ní ọ́fíìsì wọn ní Wharf Road, ọ̀gá ibẹ̀ sì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ òsì, ó rò pé ìtìjú ni. Bí wọ́n bá pe ọmọ yìí lólè lẹ́yìnkùlé, ní ọjọ́ méjì á ti dé wọ́ọ̀fù. Ohun mìíràn tún wà, kékeré, tí Màmá ò jẹ́ sọ síta: ta ni yóò tún wá bi í ní nǹkan kan?

"Ta lo tún sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan."

"Ó dáa," ni Màmá wí. "Máa di aṣọ ìnujú rẹ mọ́ ọn."

Ní ọjọ́ tí oṣù parí, Justice bá Diepreye kó ẹrù rẹ̀ sórí ọmọlanke. Diepreye padà wá sí ẹnu ọ̀nà Màmá. Ó kan ilẹ̀kùn lọ́tẹ̀ yìí.

"Màmá, mò ń lọ."

"Ó dàbọ̀."

Diepreye ò lọ. Ó ń wo àpótí tó máa ń jókòó lé. "Màmá, ta ni yóò máa bá yín yọ egungun ẹja?"

Kì í ṣe èébú. Màmá gbọ́ ọ dáadáa, kì í ṣe èébú. Ìbéèrè ni.

"Ọlọ́run á pèsè," ni ó dáhùn.

"Okay, Màmá." Ọmọlanke náà ń ké lọ lójú títì, wọ́n ń gbọ́ ọ títí.

Ìyá yìí ò ṣàìsàn, kò sunkún. Ó ń jẹ, ó ń sùn, ó ń lọ sí ìpàdé. Bí wọ́n bá kí i, á dáhùn. Inú rẹ̀ kàn kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́. Kò jẹ ẹja.

Òjò oṣù kẹfà wá rọ̀. Ẹni tó bá gbé Ajégúnlẹ̀ tàbí Olodi rí mọ kánààlì náà: kì í gbé nǹkan lọ, ó kàn ń bá èèyàn tọ́jú rẹ̀ ni. Omi kún, ó wọ ojúlé, ó kó gbogbo ohun tí wọ́n sọ nù padà fún olúkúlùkù. Ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó Ifeyinwa gan-an, nígbà tí omi fà, Justice ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ṣọ́bìrì rẹ̀ kọ́ aṣọ.

Ó fà á. Ó ń gùn sí i.

"Ifeyinwa! Come see o!"

Gbogbo wọn jáde. Ifeyinwa da omi sí i, funfun rẹ̀ yọ díẹ̀. Ó mọ ọwọ́ rẹ̀, ó mọ bọ́tìnnì rẹ̀. Ní àyà rẹ̀, ihò kan wà níbẹ̀, etí rẹ̀ dúdú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, òkè rẹ̀ fẹ́ ṣóńṣó, ṣùgbọ́n kò ṣóńṣó tán.

Wọ́n pagbo yí i ká. Sàfíátù ló kọ́kọ́ rìn. Ó wọ yàrá Màmá, kò kan ilẹ̀kùn, ó gbé áyọ́ọ̀nù jáde, ó tẹ́ aṣọ náà sórí ẹnu kànga, ó sì gbé áyọ́ọ̀nù lé ihò náà.

Ó bá a mu, títí dórí imú tó kán.

"Màmá," ni Sàfíátù wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀yin lẹ kọ́ wa báyìí."

Morádéún ti wà lórí eékún nínú ẹrẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó là wọ́n, gbogbo wọn rí àpá iná náà. Ifeyinwa fi aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ náà bojú.

"Diepreye ńkọ́?" ni Justice wí. "Èmi ni mo bá a ti ọmọlanke."

Bàbá Reuben wúkọ́. Ọkùnrin náà ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ di ńlá. "Ṣé ẹ rí i, ọmọdé ló ṣe é. Màmá ò mọ̀. Àgbàlagbà tí ojú ń dùn. Màmá ò lè rí irú nǹkan báyìí."

"Wọn ò mọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ gbè é. "Ojú wọn ò ríran mọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Gbogbo ilé ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún un, ó fẹ̀ dáadáa. Ohun tó kù ni kó dákẹ́, kí wọ́n mú un wọlé bí afọ́jú.

"Mo rí i," ni Màmá Kọ̀yà wí.

Wọ́n wò ó.

"Mo rí i lọ́jọ́ Ìsinmi, níwájú pẹpẹ. Diepreye ṣì wà nínú ilé yìí. Mo mọ̀, mo sì jẹ́ kó lọ."

Bóyá ẹ̀rí ọkàn ló sọ ọ́ o, bóyá ìgbéraga ẹni tí wọ́n ní kò ríran ni o, òun pàápàá ò mọ̀ ọ́n. Justice sọ ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ìyẹn ni gbogbo ìdájọ́ tí wọ́n dá.

Ifeyinwa fi aṣọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ akọrin kan ṣègbéyàwó, wọ́n fi píìnì há a lẹ́yìn. Màmá ò lọ. Wọn ò pè é.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, Sàfíátù ló mú Màmá dé Marine Beach. Diepreye jókòó létí omi lábẹ́ ibòji pákó kan, ó ń họ ìpẹ́ ẹja, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó rí wọn láti òkèèrè, kò dáwọ́ dúró. Màmá wó lulẹ̀ lórí eékún rẹ̀ méjèèjì.

"Màmá, ẹ dìde. Ilẹ̀ tutù."

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

"I don hear. Justice ti wá sọ fún mi."

"Bàbá Reuben ní kí o padà wá. Yàrá ẹ̀yìnkùlé…"

"Àwọn ẹlòmíràn ti kó síbẹ̀, Màmá. Justice sọ ìyẹn náà."

Òótọ́ ni. Màmá na ọwọ́ sí Sàfíátù. Sàfíátù fà á dìde. Omi ń gbá ara ọkọ̀ pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́. Diepreye họ ẹja náà tán, ó fi ewé wé e, ó nà án sí i. Ọwọ́ òsì ló fi nà án.

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Egungun wà nínú ẹ̀ o," ni Diepreye wí, ó sì mú ẹja mìíràn.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí ilẹ̀ gbígbá bá kan yàrá tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé, Màmá ló ń gbá a. Àwọn ayálégbé tuntun rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Alẹ́ tí ẹja bá wà, á jókòó lórí àpótí, kì í ṣe lórí ibùsùn. Morádéún bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí òun bá a yọ egungun. Kò gbà. Á fi ahọ́n wá a lọ́kọ̀ọ̀kan, á fà á yọ, á tò ó sétí àwo, á tún bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ kì í tètè tán.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó ayálégbé tuntun náà yọjú. "Màmá, ẹ kú alẹ́. Wọ́n jí ìkòkò mi lórí iná, inú ń bí mi. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń mú olè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Màmá yọ egungun kan lẹ́nu, ó gbé e sétí àwo.

"Ojú mi ò ríran, ọmọ mi," ni ó wí, ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀.